Alùpùpù Bobber Àlòkù: Ohun tí Ọmọ Ẹgbẹ́ Ní Láti Mọ̀ Kí Ó Tó Yá Owó Rà Á

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi ń béèrè owó ìyá ní àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó wà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, a ti ń rí irú kan tí kò wọ́pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń béèrè kì í ṣe ọlọ́kadà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oníṣòwò tí ó fẹ́ fi alùpùpù kó ẹrù. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, tàbí oníṣẹ́ ọwọ́, tàbí ọ̀dọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ohun tí ó sì fẹ́ rà ni alùpùpù ńlá àlòkù tí a ṣe ní ìrísí ti àtijọ́, tí ó rẹlẹ̀, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, tí mọ́dígáàdì rẹ̀ sì kúrú. Bobber ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìgbìmọ̀ ìyáwó ń bi wá pé ṣé kí àwọn fọwọ́ sí i ni tàbí kí àwọn kọ̀ ọ́. A kò lè dáhùn láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí irú alùpùpù yìí jẹ́, ibi tí ewu rẹ̀ wà, àti bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Owó tí a ń sọ yìí kì í ṣe ti ẹni tí ó yá a nìkan, ó kan àwọn onídùúró méjì tí wọ́n fọwọ́ síwèé fún un pẹ̀lú.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ náà ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí a gé kúrú, bí ìgbà tí a bá gé ìrù ẹṣin. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1950. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé iṣẹ́ Harley-Davidson ṣe alùpùpù tí wọ́n ń pè ní WLA fún àwọn ológun, iye rẹ̀ sì tó nǹkan bí 90,000. Nígbà tí ogun parí ní 1945, a ta èyí tí ó ṣẹ́ kù ní owó pọ́ọ́kú, àwọn ọmọ ogun tí ó padà sílé sì rà nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé ó wúwo jù. Wọ́n yọ mọ́dígáàdì iwájú dànù, wọ́n gé ti ẹ̀yìn, wọ́n sì tú gbogbo ohun tí kò pọn dandan sílẹ̀. Kí ó lè sáré ni wọ́n ṣe ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹwà dé lẹ́yìn. Lónìí, ilé iṣẹ́ fúnra wọn ni ó ń ṣe é ní gígékúrú láti ìbẹ̀rẹ̀: Triumph gbé tirẹ̀ jáde ní 2016, Indian tẹ̀ lé e ní 2017, ọdún náà ni Honda sì mú Rebel 500 wá. Èyí tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa jù ni àwọn tí ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí i Honda Shadow, Yamaha Virago àti Harley Sportster, tí ẹnì kan ti lò lókè òkun, tí ẹlòmíràn sì ti fi ayùn gé níbẹ̀ tàbí níhìn-ín.

Alùpùpù kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn àgbà inú wa rántí ìgbà tí tíṣà, nọ́ọ̀sì àti wolé-wolé ń gun Honda, Suzuki àti Vespa lọ síbi iṣẹ́. Ní 1979 ni a dá ilé iṣẹ́ Honda sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Orúkọ ọ̀kadà gan-an, ọkọ̀ òfuurufú Okada Air tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983 ni a ti yá a lò. Nítorí náà mẹkáníìkì alùpùpù kò wọ́n ní Máfolúkù tàbí ní Ìlasámàjà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà kan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ dunjú. Ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà méjì tí ó ní kàbúrétọ̀ méjì, tí a ní láti mú kí méjèèjì máa fà bákan náà, ọ̀tọ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀. Kí ẹ tó wá alùpùpù, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa tún un ṣe.

Òfin ni ó kàn, ibẹ̀ sì ni owó ti lè ṣègbé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó ti 2012 lé alùpùpù kúrò ní àwọn òpópónà ńlá. Àwọn tí ó yọ sílẹ̀ ni alùpùpù àwọn tí ń jíṣẹ́ lẹ́tà àti ẹrù, tí ẹ́ńjìnnì wọn tó 200cc tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin mìíràn lórí àtúnṣe ètò ìrìnnà jáde ní 2018. Òun ni ìjọba fi ẹsẹ̀ lé nígbà tí ó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ 1, oṣù kẹfà, 2022. Nígbà tí ó di ọjọ́ 1, oṣù kẹsàn-án, ọdún kan náà, ó kan Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Múṣin, Ṣómólú àti Kòsọ́fẹ́, títí kan àwọn àgbègbè ìdàgbàsókè Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ọ̀pọ̀ alùpùpù tí a gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn lọ́dún náà ni a kó jọ tí a sì fi ẹ̀rọ rún wómúwómú. Ẹni tí a bá rún tirẹ̀ kò rí ohun kan tà, gbèsè ẹgbẹ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé, ọ̀kadà agbérò ni òfin 2022 dè, èmi kò sì ní gbérò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró ní ojú ọ̀nà kò lè mọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín, ohun tí ó rí ni yóò fi ṣe ìdájọ́. Ní ti èyí, bobber ní àǹfààní kan tí àwọn tí ń tà á kì í sọ: ìjókòó rẹ̀ kò gba ènìyàn méjì. Ó ṣòro kí a fi ẹ̀sùn agbérò kan ẹni tí kò ní ibi tí yóò gbé èrò sí. Nítorí náà a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́ńdà kankan bá yín so ìjókòó kejì mọ́ ọn, ì báà jẹ́ nítorí ìyàwó. Ẹ má sì ṣe gba òpópónà Àpápá sí Òṣòdì tàbí ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú láìtíì lọ béèrè ní ọ́fíìsì MVAA, èyí tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Èkó, pé kí ni òfin wí nípa irú alùpùpù tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ 200cc yìí gba kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Alùpùpù àlòkù tí ó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù wá, púpọ̀ nínú wọn ni ó tóbi lójú ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 125cc péré. Ìdí rẹ̀ ni pé 125cc ni òfin ibẹ̀ gba àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láyè láti gùn. Àwọn ilé iṣẹ́ wá ṣe Honda Shadow 125, Yamaha Virago 125 àti Suzuki Marauder 125, wọ́n fi táǹkì ńlá àti irin dídán wọ̀ wọ́n bí ẹni pé 750cc ni. Bí ẹ bá rà á, ẹ ti ra ìwúwo, ẹ kò sì ra agbára. Ẹni tí ó bá ń gba òpópónà pẹ̀lú rẹ̀ kò lè sọ pé òun tó 200cc. Ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì àti ohun tí a kọ sínú ìwé. Ẹ má wo orúkọ tí a lẹ̀ mọ́ táǹkì.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ wo alùpùpù náà, ẹ lọ ní àárọ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ń tà á pé kí ó má ṣe tan iná sí i kí ẹ tó dé. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ti gbóná, ẹ béèrè ìdí rẹ̀, nítorí alùpùpù tí kò fẹ́ tètè dáhùn láàárọ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ mú gbóná kí oníbàárà tó dé. Lẹ́yìn tí ẹ bá tan án, ẹ wo èéfín. Èéfín aláwọ̀ búlúù tí kò dáwọ́ dúró túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín dúdú jẹ́ epo tí ó pọ̀ jù, kàbúrétọ̀ sì lè yanjú èyí. Èéfín funfun díẹ̀ ní àárọ̀ tútù kì í ṣe nǹkan kan bí ó bá pòórá.

Fírémù ni ohun tí ó ṣe pàtàkì jùlọ, òun ni a sì ń fi ojú fò jù. Láti sọ alùpùpù lásán di bobber, àwọn oníṣẹ́ máa ń gé irin tí ó gbé ìjókòó ní ẹ̀yìn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á jó o pọ̀. Bí ẹni tí ó jó o bá mọ iṣẹ́, kò burú. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kòtò kan ṣoṣo ní Ọ̀kọ́tà lè ṣẹ́ ẹ sí méjì nígbà tí ẹ wà lórí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tú ìjókòó kúrò. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo oríkèé irin. Ojú jíjó tí ó dára máa ń tẹ̀ lé ara wọn ní ìlà, bí ẹni to owó ẹyọ. Èyí tí ó rí kúlúkúlú, tàbí tí a fi ọ̀dà tí ó nípọn àti pọ́tì bò mọ́lẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Àwọn kan tilẹ̀ ń yọ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kúrò pátápátá kí ó lè dà bí ti 1940. Fún ojú ọ̀nà tiwa, ìwà wèrè ni a ka ìyẹn sí, ẹ̀yìn ẹni tí ń gùn ún ni yóò sì san án.

Iwájú fírémù náà, níbi tí ìdarí gbà wọlé, ni nọ́ńbà fírémù máa ń wà. Alùpùpù tí a ṣe fún Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn ní nọ́ńbà àti lẹ́tà 17. Lẹ́tà mẹ́ta kì í sí nínú rẹ̀ láéláé: I, O àti Q, kí a má baà ṣì wọ́n mú fún 1 àti òdo. Bí ẹ bá rí ọ̀kankan nínú wọn, ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ ẹ, kì í ṣe ilé iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, èyí tí ó wà ní ipò kẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀: 8 jẹ́ 2008, A jẹ́ 2010, H jẹ́ 2017. Àwọn tí a ṣe fún àwọn ará Japan nínú ilé wọn kì í ní 17, nọ́ńbà tiwọn kúrú, ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ohun tí ó ṣe kókó ni pé kí nọ́ńbà tí ó wà lára irin bá ti inú ìwé mu ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ojú irin tí a kọ ọ́ sí má sì ní àmì fáìlì.

Ẹ ṣí táǹkì, ẹ tàn án wò bóyá ìpẹtà wà ní ìsàlẹ̀. Ẹ wo inú iná iwájú pẹ̀lú. Bí ẹrẹ̀ gbígbẹ tàbí ìlà omi bá wà nínú gíláàsì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èyí tí omi bò lókè òkun kí wọ́n tó tà á lọ́pọ́ọ́kú, wáyà rẹ̀ yóò sì máa jẹ rìwáyà yín lówó títí. Ẹ di iwájú mú, kí ẹ tì í síwá sẹ́yìn. Bí ó bá ń dún kó-kó, bọ́ọ̀lù ìdarí ti jẹ. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí àkọlé DOT lára táyà: 3519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ní ọdún 2019. Táyà tí ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ pé, ìṣirò tuntun ni ẹ fi kún owó rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí a kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ń tà. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, 1972, Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ojú ọ̀nà, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Japan ṣì wà ní apá òsì. Iná iwájú alùpùpù tí ó ti ibẹ̀ wá, bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, apá òsì ni ìtànṣán rẹ̀ ń gbé ojú sókè sí, èyíinì ni ojú ẹni tí ń bọ̀ wá pàdé yín. Ẹ dojú rẹ̀ kọ ògiri lálẹ́, kí ẹ wò ó. Bí apá òsì bá ga ju ọ̀tún lọ, ẹ pààrọ̀ gíláàsì iná náà.

Ní ti ìwé, ohun tí a ní láti rí ni ìwé owó ibodè, ìwé ìtajà tí orúkọ ẹni tí ó tà á àti ti ẹni tí ó rà á wà nínú rẹ̀, àti ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ bí ó bá ti ní nọ́ńbà Nàìjíríà. Ẹni tí ó ra èyí tí ó ti ní nọ́ńbà ní láti yí orúkọ padà sí tirẹ̀. Bí ẹ bá fi orúkọ ẹlòmíràn gùn ún, ohunkóhun tí ó bá fi ṣe tẹ́lẹ̀ yóò máa wá yín kiri. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ alùpùpù jẹ́ ti ìsọ̀rí A, èyí tí ẹ fi ń wa mọ́tò kò dípò rẹ̀. Ìbánigbófò tí ó kéré jù lọ, èyí tí ń san owó fún ẹni tí a bá kọ lù, jẹ́ dandan, láti ọjọ́ 1, oṣù kejì, 2025 sì ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ lójú ọ̀nà. Nípa àkoto, gbogbo wa rántí oṣù kìíní 2009, nígbà tí àjọ FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í mú un ní dandan, tí àwọn ọlọ́kadà kan fi igbá àti ike ọ̀dà borí. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lórí alùpùpù tí ó wúwo ju 200 kìlógíráàmù lọ, ọ̀rọ̀ náà kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Ẹni tí ó bá ti rà á ní láti mọ̀ pé ìlú tiwa kọ́ ni a rò nígbà tí a ń ya àwòrán rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí lára. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò sí afẹ́fẹ́, ooru á sì máa jó ìtàn ẹni tí ó jókòó lé e. Ẹ pa á bí ẹ bá rí i pé ẹ ó dúró pẹ́. Mọ́dígáàdì kúkúrú kò lè gba ẹrẹ̀ dúró, nítorí náà ní ìgbà òjò, ẹ̀yìn ẹ̀wù yín ni yóò gba a. Ó rẹlẹ̀, ìdiwọ́ eré àwọn àdúgbò Ìsọlọ̀ á sì máa fi inú rẹ̀ ha ilẹ̀. Bí omi bá kún ojú ọ̀nà, ẹ má ṣe wọ̀ ọ́. Bí omi bá sì ti wọ ibi tí ó ti ń mí, ẹ má ṣe gbìyànjú láti tan án, nítorí omi kò ṣeé tẹ̀ pọ̀ bí afẹ́fẹ́, irin tí ó so písítìnì ni yóò tẹ̀. Ẹ tì í délé. Táǹkì àwọn mìíràn kò gbà ju nǹkan bí 8 lítà lọ, ẹ kò sì ní jìnnà kí ẹ tó tún wá ilé epo, ní owó epo tí ó ti wà láti ìgbà tí a yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní 2023.

Ọ́ìlì mọ́tò kọ́ ni kí ẹ dà sí i. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù, ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnnì àti klọ́ọ̀ṣì jọ ń lò. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan ní èròjà tí ó ń mú nǹkan yọ̀, klọ́ọ̀ṣì á sì máa yọ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá èyí tí a kọ JASO MA sí lára. Púlọ́ọ̀gì, gílóòbù àti bátìrì kò ṣòro rí. Ṣéènì yàtọ̀: èyí tí ó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ti Bajaj Boxer, jẹ́ 428, bẹ́ẹ̀ ni 520 ni ti Honda Rebel 250, èkínní kò sì lè ṣiṣẹ́ èkejì. Ohun èlò tí ó ṣọ̀wọ́n, ọjà Ládípọ̀ ni a ti máa ń kọ́kọ́ béèrè, ṣùgbọ́n mọ́tò ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ẹ mú èyí tí ó bàjẹ́ dání lọ, kí a má baà tà yín ní èyí tí ó jọ ọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. A kò ní dárúkọ iye tí alùpùpù kan jẹ́, nítorí iye náà ń yí padà bí náírà bá ṣe ń yí. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan ní 600,000 náírà nípamọ́, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun tí a fi pamọ́, ó lè gba 1,200,000. Bí èlé bá jẹ́ 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún lórí gbogbo owó náà, tí yóò sì san án tán ní oṣù 18, èlé rẹ̀ jẹ́ 180,000, ohun tí yóò máa san lóṣù sì lé ní 76,600. Alùpùpù yìí kò ní mú kọ́bọ̀ wọlé fún un láti fi san án, láti inú owó oṣù rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò ti jáde. Bí ó bá ná 1,200,000 tán sórí rírà nìkan, kí ni yóò fi ra táyà? Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó ya ìdá mẹ́rin owó náà sọ́tọ̀, èyíinì ni 300,000, fún búréèkì, táyà, ìwé, ìbánigbófò àti àkoto, kí ó sì wá alùpùpù tí 900,000 lè rà.

Èyí ni ohun tí a sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ tí ó béèrè. A kò rí ìdí tí ẹ fi lè kọ ìwé náà kìkì nítorí pé fàájì ni. Ọmọ ẹgbẹ́ ń yá owó ṣe ìgbéyàwó àti ìsìnkú, ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè èrè tí yóò mú wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun yóò fi gbérò ní Òṣòdì tàbí ní Ìsọlọ̀, ẹ dá a padà fún un. Bí ó bá jẹ́ ti ìgùn ara rẹ̀, kí mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde, kí a kọ nọ́ńbà fírémù àti ti ẹ́ńjìnnì sínú ìwé àdéhùn, kí àwọn onídùúró sì fi ojú ara wọn rí alùpùpù náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ìwé ìtajà rẹ̀ ojúlówó yóò wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ títí gbèsè yóò fi tán, ẹni tí ó yá owó yóò sì máa lo ẹ̀dà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá san èyí tí ó kẹ́yìn, kí a dá ojúlówó padà fún un lójú ẹsẹ̀, kí a sì fi ìwé sọ fún àwọn onídùúró méjèèjì pé ọrùn wọn ti yọ.